Tẹlifíṣọ̀n Tuntun Nílé Olóòlà

Ohùn ni Bàbá sọ pé ó lọ. Ó yẹ kí n ti fura látìgbà náà. Wọ́n pè mí lórí fóònù láti Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ kẹta tí ìyàwó mi bímọ, wọ́n kí mi kú ewu ọmọ, wọ́n ṣàdúrà gígùn, wọ́n wá ní, “Bàbá ìkókó, tẹlifíṣọ̀n mi ti kú o. Ohùn rẹ̀ ti lọ, ó kàn ń hó ṣáá bí epo tó gbóná.” Ẹlòmíràn ì bá sọ pé àwòrán kò hàn mọ́. Bàbá ò dárúkọ àwòrán rárá.

Bàbá ni ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi. Olóòlà ni wọ́n. Ilé wọn kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán, iṣẹ́ ilà sì ni wọ́n bá lọ́wọ́ bàbá wọn. Nígbà tí àwọn ènìyàn ṣíwọ́ kíkọ ilà ojú, iṣẹ́ wọn kò dúró, nítorí àwọn ọmọkùnrin kò yé dé sáyé, dandan sì ni kí wọ́n dábẹ́ fún wọn. Bàbá ni wọ́n dábẹ́ fún mi, àwọn náà ni wọ́n ṣe é fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo ọkùnrin tó ti agboolé wa jáde. Níbi ìgbéyàwó wa, wọn a máa fi ọkọ ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ohun tó fẹ́ fi pamọ́ tí àwọn ò tíì rí.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé tẹlifíṣọ̀n wọn kò kú. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n máa ń wò ló ti pa ọ̀nà àtijọ́ dé, ó ti bọ́ sí ti ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní díjítà, kò sì sẹ́ni tó lè rí i mọ́ láìní dìkódà.

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Àpótí kékeré kan ni, Bàbá. N óò rà á, n óò sì wá so ó mọ́ ọn fún yín ní ọjọ́ keje ọmọ. Tí mo bá ti ṣe tán, a ó jọ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Ọ̀dọ̀ rẹ ni n óò sùn. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ bá mọ́, kí àlejò tó máa dé, n óò ti ṣe tèmi tán. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

Ìyàwó mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí oyún ti wà nínú ló ti ń sọ fún mi pé tó bá jẹ́ ọkùnrin, nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ kó ṣe é. Ó ní Bàbá ti dàgbà, pé ọwọ́ àgbà a máa gbọ̀n. Mo bi í pé ìgbà wo ló rí ọwọ́ Bàbá tó gbọ̀n. Ó ní òun ò rí i. Mo ní ó dáa, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàárín wa ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, mo sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọkọ sọ fún abiyamọ. Mo ní ọmọ olóòlà kì í gbé ọmọ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíì láti dábẹ́ fún, pé tó bá jẹ́ ilé nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ, kó ti lọ síbẹ̀ kó tó pàdé mi. Ó dojú kọ ògiri. “Ó dáa,” ló wí. “Ọmọ rẹ ni.” Ẹni tó bá ti láya nílé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ìfọwọ́sí. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ti ra dìkódà náà láàárọ̀ ọjọ́ keje, pẹ̀lú áńtẹ́nà kékeré kan tó rí bí abẹ̀bẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní ọmọ ọdún márùn-ún lè lò ó. Mo gbà á gbọ́. Mo kọrí sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ láàárín àwọn tírélà tó ń fi fèrè lé ènìyàn wọ inú igbó, mo sì dé kí oòrùn tó kàn àtàrí.

Kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán ni Bàbá ti pè mí ní bàbá ìkókó. “Mo ti gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ láti ẹnu ọ̀nà.” Inú mi dùn pé etí wọn ṣì mú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó lórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí, tí ó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n. Ojú wọn mọ́, kò sí ohun funfun kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ojú sí mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

“Ta ni ọmọ jọ?”

“Ẹ̀yin ló jọ, Bàbá.”

“A jẹ́ pé ó rẹwà nìyẹn.”

Àpò awọ pẹlẹbẹ kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Abẹ wọn ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ìyá, ìyàwó wọn, ti di aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ síbi ìkómọ sínú báàgì kan, báàgì náà sì ti wà ní ẹnu ọ̀nà.

Tẹlifíṣọ̀n wọn jẹ́ ti àtijọ́, èyí tó yọ ikùn lẹ́yìn. Bọ́tìnì mẹ́rin ló yọ síta lábẹ́ ojú rẹ̀, ó tóbi tó orí ìka. Ọjọ́ pẹ́ tí Bàbá ti ń tẹ èkejì láti apá òsì, tí ìròyìn Yorùbá á sì wọlé. Èmi kò ka bọ́tìnì wọ̀nyí sí. Mo gun àkàbà, mo kan áńtẹ́nà mọ́ ara ògiri níta, mo fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, mo ki ìdí okùn pupa, funfun àti yẹ́lò bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Iná wà, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Dìkódà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ó sì rí púpọ̀. Àwòrán mọ́ gaara. Mo fi ọwọ́ gbá àyà bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀.

“Ṣé ó dáa, Bàbá?”

“Ó dáa púpọ̀,” ni wọ́n wí. “Ó mọ́lẹ̀.”

Ẹ̀kọ́ rìmóòtù ló dà wá rú. Bọ́tìnì bíi ogójì ló wà lójú rẹ̀, gbogbo wọn kéré, gbogbo wọn sì tẹ́jú. Mo fi àtàǹpàkò Bàbá lé ọ̀kan. “Ẹ tẹ èyí, Bàbá. Orúkọ gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì á tò sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ ó wá máa tẹ ti ìsàlẹ̀ yìí títí ẹ ó fi dé orí tiyín.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tò sílẹ̀. Wọ́n ń tẹ ti ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n dúró. Mo ní wọ́n ti kọjá rẹ̀, kí wọ́n padà sókè. Wọ́n padà sókè, wọ́n tún kọjá rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà kẹta, wọ́n tẹ òmíràn, ohun gbogbo sì parẹ́ lójú ẹ̀rọ. Nígbà karùn-ún tàbí ẹ̀kẹfà, ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo jẹ́ onínúfùfù ènìyàn. Ìyá tó bí mi máa ń sọ pé ata ni wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún mi. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé Bàbá yìí kan náà ló kọ́ mi ní a, b, d kí n tó wọ ilé ìwé. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá fún gbogbo agboolé, kí ló dé tí kò lè ka orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo? Mo rò pé wọn kò fẹ́ ẹ ni, pé agídí àgbà ni.

“Bàbá, ó wà níwájú yín níbẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ ò rí i ni?”

Ohùn mi ti lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí ní ẹnu ọ̀nà, gbójú sókè. “Rọra o,” ni wọ́n wí.

Bàbá ò bínú. Wọ́n na rìmóòtù sí mi. “Iná inú rẹ̀ ló ń ta mí lójú. Jẹ́ kó sinmi díẹ̀.”

Mo ní ká tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, mo fi rìmóòtù sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo sì lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n láti fún okùn kan tó ṣe bí ẹni ń tú. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń ka ìròyìn Yorùbá, ohùn náà sì dún kedere.

“Ẹ̀ẹ́hẹ̀n,” ni Bàbá wí. Ayọ̀ wà nínú ohùn wọn. “Mo ti rí i. Ó ti wọlé. Wo gèlè tí obìnrin yìí wé.”

Mo jáde láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ láti wá wo gèlè. Kò sí obìnrin níbẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá ti tẹ bọ́tìnì tó ń gbé dìkódà kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n lọ sórí rédíò. Rédíò wà nínú irú dìkódà bẹ́ẹ̀. Ohùn nìkan ló máa ń wá, kò ní àwòrán.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Bàbá fẹ́ràn àwàdà. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ ara síwájú lórí àga, wọ́n kọ ojú sí ibi dúdú náà, wọ́n ń mi orí.

“Gèlè wo, Bàbá?”

“Èyí tó wé sórí yẹn. Ó tóbi ju ojú rẹ̀ lọ.”

“Àwọ̀ wo ni?”

“Búlúù ni. Ṣé ìwọ ni ojú ẹ ò ríran ni?”

Ọkùnrin kan bọ́ sórí rédíò láti sọ̀rọ̀ nípa òjò, Bàbá sì ní ọkùnrin náà ti sanra sí i. Mo ní, “Ó ti sanra lóòótọ́, Bàbá.” Mo rìn lọ síwájú wọn, mo dúró gedegbe láàárín àwọn àti tẹlifíṣọ̀n. Wọn kò ní kí n yà lọ́nà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ikùn mi. Mo tún bi wọ́n bóyá ọkùnrin náà dé fìlà. Wọ́n ní ó dé e. Mo jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ń béèrè, wọ́n ń dáhùn. Títí di òní, mi ò tíì dárí èyí ji ara mi.

Nígbà tí mo yíjú, Ìyá ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wo ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wò mí. Wọ́n gbé àwo ẹ̀gúsí wọn, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo sì tẹ̀ lé wọn.

“Ó ti tó ìgbà wo, Ìyá?”

Wọn kò ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. “Apá kan ló kọ́kọ́ lọ. Èkejì tẹ̀ lé e. A dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, wọ́n ní èyí tó ti lọ ò ní padà mọ́. Wọ́n ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ń rí òjìji ènìyàn tó bá kọjá.”

“Wọ́n dárúkọ àwọ̀ gèlè fún mi.”

“Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún wọn. Tí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ aṣọ tí wọ́n wọ̀, kí àlejò tó bá wọlé má baà mọ̀.”

“Wọ́n sì fẹ́ẹ́ dábẹ́ fún ọmọ mi lọ́la.”

Ìyá da ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ wọn padà sínú àwo. Wọ́n ní láti ọdún tó kọjá ni Bàbá ti ń dá àwọn tó ń gbé ọmọ wá padà. Tí eléyìí bá dé, wọ́n á ní ẹ̀yìn ń dun àwọn; tí tọ̀hún bá dé, wọ́n á ní ibà. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kò ṣeé dá padà. Ọmọ àbúrò ni mí, àbúrò náà kò sì sí láyé mọ́. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, gbogbo ilé á béèrè ìdí. “Wọ́n ní ọwọ́ àwọn mọ ọ̀nà,” ni Ìyá wí. “Wọ́n ní ọwọ́ làwọn fi ń ṣe é láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe ojú.”

Ìbínú mi wá bọ́ sórí Ìyá. “Ẹ̀yin mọ̀, ẹ sì di aṣọ wọn sínú báàgì. Ṣé ẹ ó jẹ́ kí wọ́n wọ mọ́tò mi lọ lónìí ni?”

“Láti ìjẹta ni mo ti ń gbàdúrà kí táyà mọ́tò rẹ jò lọ́nà, kí o má lè dé ibí.”

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, omi ń bọ̀ lójú wọn. Mo ní n óò parọ́, n óò ní ilé pè mí pé ara ọmọ gbóná, pé dókítà ní ká dúró. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. “Má fi ẹnu ara rẹ pe àìsàn lé ọmọ ọlọ́jọ́ méje lórí.” Mo ní kí wọ́n sọ fún Bàbá fúnra wọn nígbà náà. Wọ́n ní àwọn ò lè sọ ọ́, pé bí àwọn bá sọ ọ́, Bàbá á gbà pé àwọn ni àwọn tú àṣírí. Wọ́n tún ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá. Ó kù sí mi lọ́wọ́. Mo rántí ìyàwó mi tó dojú kọ ògiri, mo sì rí i pé èmi gan-an ni mo lọ ń fi gbogbo agbára ja ìjà tí ì bá sọ ọmọ mi di aláàbọ̀ ara.

Nígbà tí mo padà wọlé, Bàbá ti ń pọ́n abẹ. Rédíò ń lọ lẹ́yìn wọn, ojú ẹ̀rọ ṣì dúdú. Wọ́n bomi sórí òkúta, wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀, ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá. Ká ní ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí, ǹ bá fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí olóòlà bíi tiwọn. Wọ́n gbé abẹ sókè, wọ́n fi àtàǹpàkò yẹ ẹnu rẹ̀ wò, wọ́n sì tún fi í lé òkúta. Ìlà pupa tín-ín-rín kan yọ lórí àtàǹpàkò náà. Ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọrùn ọwọ́. Bàbá nù ún mọ́ ara aṣọ wọn láìbojú wò ó. Wọ́n rò pé omi òkúta ni.

“Ó ti mú,” ni wọ́n wí. “Ọmọ ò ní mọ̀ pé mo kan òun lára.”

Mi ò tún lè dúró mọ́.

“Bàbá, kò sí nǹkan kan lójú tẹlifíṣọ̀n.”

“Nǹkan bíi kí ni?”

“Kò sí àwòrán níbẹ̀. Rédíò ni. Ojú rẹ̀ dúdú.”

Abẹ dúró lórí òkúta. Obìnrin inú rédíò ń sọ pé òjò lè rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá gbọ́ ọ títí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Láti ìgbà wo?”

“Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ gèlè.”

“Kí n tó sọ̀rọ̀ gèlè.” Wọ́n ń mi orí. “Ìwọ wá ń bi mí ní àwọ̀ rẹ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì.

“O mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, o wá ń bi mí bóyá ó dé fìlà. O dán mi wò bí ẹni ń dán owó ayédèrú wò. Ìtìjú ló mú kí èmi parọ́ fún ọ. Ìwọ ńkọ́, kí ni ìwọ ń tijú?”

Mo sọ èyí tó kù láti ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. “Ẹ̀jẹ̀ wà ní ọwọ́ yín, Bàbá.”

Wọ́n gbé àtàǹpàkò náà sẹ́nu, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n jókòó báyẹn, ìka lẹ́nu bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà wọ́n nu abẹ gbẹ, wọ́n tì í bọ inú àpò awọ, wọ́n de okùn rẹ̀, kò sì sí ìgbà kan tí ọwọ́ wọn ṣìnà. Wọ́n nà án síwájú. “Gbé e fún Ìyá, kó tọ́jú ẹ̀.”

Mo gbà á.

“Kí ni n óò wá lọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ máa mú ẹsẹ̀ ọmọ, Bàbá.”

Ẹnìkan ní láti mú ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì ṣinṣin kí olóòlà tó lè ṣiṣẹ́. Tí ẹni náà bá dẹ ọwọ́, tí ọmọ bá ta ẹsẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ ló sábà máa ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ibi tí mo ń fi Bàbá sí kò ga, àwọn náà sì mọ̀ ọ́n.

“Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe fún bàbá mi nìyẹn,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. “Mi ò tíì ga tó tábìlì yìí. Dìde nílẹ̀, símẹ́ńtì tutù.”

A kò tún sọ̀rọ̀ náà. Mo bọ́ síta, mo pe ìyàwó mi, mo ní nọ́ọ̀sì ni yóò dábẹ́ fún ọmọ, mo sì ní kó má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Kò bi mí ní ìdí. Mo padà wọlé, mo gbé dìkódà kúrò lórí rédíò, mo tọrọ ẹ̀wà kan lọ́wọ́ Ìyá. Mo là á sí méjì, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ààbọ̀ kan mọ́ bọ́tìnì tí ń tan ẹ̀rọ, mo lẹ ìkejì mọ́ orí náńbà ilé iṣẹ́ tí Bàbá ń fẹ́, nítorí mo ti wá mọ̀ pé èèyàn lè tẹ náńbà rẹ̀ tààrà láìwo orúkọ kankan. Ká ní mo fara balẹ̀ ni, ohun tí mo máa kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá fi àtàǹpàkò wá ibẹ̀.

“Ẹ̀wà?”

“Ẹ̀wà ni, Bàbá.”

“Kí eku má bá mi jẹ ẹ́.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìròyìn wọlé. Wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án, wọ́n tẹ ẹ̀wà, ó tún wọlé. Ẹ̀rín kékeré bọ́ sí ẹnu Ìyá, Ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ aṣọ tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọ̀, wọ́n rántí pé èmi náà wà níbẹ̀, wọ́n dákẹ́. “Máa sọ ọ́ lọ,” ni Bàbá wí. “Ó ti mọ̀.”

Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu wọn ni pé a ti dé odò Ọbà, bí táyà ṣe gun orí afárá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n fi ìka wọn tọ ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. “Irọ́ ni bàbá rẹ ń pa,” ni wọ́n sọ fún ọmọ náà. “Ìyá rẹ lo jọ.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi.

Ní kùtù ọjọ́ kẹjọ, kí àwọn àlejò ìkómọ tó dé, a gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo ti ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì lábẹ́lẹ̀ pé àgbà ilé wa kan ni yóò mú ẹsẹ̀. Kò fẹ́ gbà. Nígbà tó rí bí Bàbá ṣe fọ ọwọ́ wọn dé ìgúnpá, ìka kọ̀ọ̀kan, abẹ́ èékánná kọ̀ọ̀kan, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn. Bàbá mú orúnkún ọmọ méjèèjì. Ọmọ ké, ó jà, ó fi gbogbo ara fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Ìyàwó mi di apá mi mú. Bàbá kọ ojú sí ògiri, wọ́n ń sọ fún ọmọ náà ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé ó ti parí, ó ti parí, kí ó tó parí. Nígbà tó parí lóòótọ́, nọ́ọ̀sì fi òwú tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó yíjú láti wá aṣọ ìdì.

“Ẹ̀jẹ̀ ti dá?” ni Bàbá béèrè.

Mo tẹ̀ síwájú, mo wò ó dáadáa. “Ó ti dá, Bàbá.”

Wọn kò tú ọwọ́ wọn. “Mo gbọ́ ọ,” ni wọ́n wí, láìyí ojú sọ́dọ̀ mi. “Jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sọ fún mi.”

Ìyàwó mi wò mí, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òwú náà sókè díẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

“Ó ti dá, Bàbá.”

Ìgbà náà ni wọ́n tó tú ẹsẹ̀ ọmọ mi sílẹ̀.